Ohun Tí Ara Aláàwẹ̀ Ń Ṣe Láti Sààrì Dé Ìṣínu

Ní ọdún 2024, ọjọ́ kọkànlá oṣù Ẹrẹ́nà ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2025, ọjọ́ kìíní oṣù náà ni. Ẹni tó bá mọ Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ ohun tí oṣù Ẹrẹ́nà máa ń fojú ẹni rí níbẹ̀. Ọyẹ́ ti lọ, òjò kò tíì rọlẹ̀ dáadáa, ooru ọ̀sán a sì máa sún mọ́ ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú ooru yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jí jẹ sààrì, tí wọ́n ń pa ẹnu mọ́ ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, tí omi kò sì ní kan ètè wọn títí oòrùn yóò fi wọ̀ nígbà tí aago méje kù díẹ̀. Ó lé ní wákàtí mẹ́tàlá. Àgbẹ̀ ń kọ ebè, ọlọ́kadà ń gbé èrò, ìyá ọlọ́jà jókòó ti ọjà rẹ̀, olùkọ́ ń kọ́mọ.

Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ẹnì kan nínú wọn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tí a tún fà á ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nǹkan díẹ̀ la máa rí tó yí padà. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní jìnnà sí àárín 70 sí 100 mg/dL tí ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà ń fi hàn wá. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á ṣì wà ní ibi tó yẹ kó wà. Ìgbóná ara á wà ní nǹkan bíi 37. Oúnjẹ kò wọlé, omi kò wọlé, iṣẹ́ kò dúró, oòrùn kò sinmi, síbẹ̀ inú ara wà létòlétò. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè tí orí yìí fẹ́ dáhùn nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé dì mú jálẹ̀ ni pé iṣẹ́ ni ìwọ̀n tí ara ń pa mọ́. Ẹ wo obìnrin tó ru garawa omi bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ, tí kò fọwọ́ dì í mú, tó sì ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, ọrùn rẹ̀ kò mì. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti tẹ òkúta, ọrùn ti tẹ̀ díẹ̀ sí òdìkejì. Bí omi bá fì sọ́tùn-ún, èjìká ti dá a padà. Bí àwọn àtúnṣe kéékèèké yẹn bá dáwọ́ dúró, kíá lomi á dà. Nínú ara, àwọn kan wà tí wọ́n ń wọn ohun tó wà nílẹ̀, àwọn kan ń gbé ìròyìn, àwọn kan ń ṣe àtúnṣe, tọ̀sán tòru, láìjẹ́ pé a pàṣẹ fún wọn.

Walter Cannon, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara ní Yunifásítì Harvard, ló fún iṣẹ́ yìí ní orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pè é dòní, homeostasis, ní ọdún 1926. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ rí i kedere ni Claude Bernard, ará Faransé, tó kú ní ọdún 1878, ọdún kan náà tí Ogun Jálumi jà ní Ìkìrun. Bernard ṣe ìdánwò kan ní ọdún 1855 tí mo fẹ́ràn gan-an nítorí bó ṣe rọrùn tó. Ó mú ajá kan tí wọ́n ti fi ẹran nìkan bọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ó pa á, ó yọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ń da omi gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀ náà títí omi tó ń jáde kò fi ní ṣúgà kankan mọ́. Ó gbé ẹ̀dọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó padà yẹ̀ ẹ́ wò, ṣúgà ti tún wà nínú rẹ̀. Ibo ló ti wá? Ajá ti kú, kò jẹ nǹkan kan. Ọdún 1857 ni Bernard yọ ohun náà jáde: ẹ̀dọ̀ ní àká tirẹ̀, ibẹ̀ ló ń kó ṣúgà pamọ́ sí nígbà tí oúnjẹ bá wà, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bù ú jáde nígbà tí kò bá sí. Àwọn onímọ̀ ń pe ṣúgà alákàá yìí ní glycogen. Òun ló ń gbé aláàwẹ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà márùn-ún. Gbogbo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà nígbà tí ebi bá wà nínú kò ju gíráàmù mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Ṣíbí ìmutíì kan péré ni. Ọpọlọ nìkan sì ń jẹ bíi gíráàmù márùn-ún láàrin wákàtí kan, ì báà máa ronú, ì báà máa sùn. Bí kò bá sí ohun tó ń bu ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ bí èyí tó wà níbẹ̀ ṣe ń lọ, aláàwẹ̀ tó jẹ sààrì ní aago márùn-ún ì bá ti ṣubú kí wọ́n tó pe ìrun Àyìlá.

Fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn sààrì, oúnjẹ tó ń dà nínú ìfun ló ń pèsè. Ẹ̀kọ ni o, ìrẹsì ni o, àmàlà ni o, ṣúgà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń dà. Bí ṣúgà ṣe ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, pancreas, ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ, mọ̀ ọ́n, ó sì ń tú insulin sínú ẹ̀jẹ̀. Insulin ló ń sọ fún iṣan àti ọ̀rá pé kí wọ́n gba ṣúgà wọlé, fún ẹ̀dọ̀ pé kó kó o sínú àká. Ẹ̀dọ̀ lè kó nǹkan bíi gíráàmù 100 pamọ́.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, ìfun ti fẹ́ parí iṣẹ́. Ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra wálẹ̀. Pancreas yìí kan náà dín insulin kù, ó sì tú òjíṣẹ́ mìíràn jáde, glucagon, tó lọ ń bá ẹ̀dọ̀ sọ pé kó ṣí àká. Títí di ọ̀sán, àká ẹ̀dọ̀ ni aláàwẹ̀ ń jẹ. Nígbà tó bá fi máa di ìrun Àlàásárì, àká náà ti ń fà sẹ́yìn, ẹ̀dọ̀ sì ti fi ọ̀nà kejì kún un: ó ń ṣe ṣúgà tuntun láti inú ohun tí iṣan lò kù àti láti inú ọ̀rá tó ń tú. Iṣan fúnra rẹ̀ yí ohun jíjẹ rẹ̀ padà. Ọ̀rá ló ń jó nísinsìnyí, ó fi ṣúgà sílẹ̀ fún ọpọlọ àti fún àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí kò lè jẹ nǹkan mìíràn. Kò sẹ́ni tó kọ́ iṣan ní ìwà yìí. Bí mo bá ń rò ó, ó máa ń wú mi lórí.

Àwọn Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ apá ibí yìí ju àwa tí a wà nílé lọ. Ní ọdún 2016, Òkúdu ni Ràmàdáánì bọ́ sí, ọjọ́ sì gùn níbẹ̀ débi pé ààwẹ̀ wọn tó nǹkan bíi wákàtí méjìdínlógún. Ẹ̀dọ̀ wọn ṣiṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ tutù fún wọn. Ní Ìkìrun, ìyà ẹ̀dọ̀ kéré. Omi ni ìṣòro.

Kí n tó dé orí omi, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa orí fífọ́ ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé ebi ló fà á. Lára àwọn àgbà wa, obì kì í wọ́n lẹ́nu. Kaféènì, ohun tó wà nínú kọfí, wà nínú obì náà. Ara tó ti mọ́ ọn lára láti máa rí i lójoojúmọ́ ti tún ara rẹ̀ ṣe sí i: òpó ẹ̀jẹ̀ orí ti gbà pé á máa wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí kò bá dé, àwọn òpó náà á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, orí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, ara á tún ara rẹ̀ ṣe padà. Ẹni tó bá ń jẹ obì dáadáa, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ààwẹ̀, kò ní rí orí fífọ́ náà bí ẹni tó gé e lójijì.

Nísinsìnyí, omi. Ọkùnrin tó wọ̀n tó kílò 70 ní omi tó nǹkan bíi lítà 40 lára. Láìlàágùn rárá, èémí tó ń mí jáde àti awọ ara rẹ̀ ń gbé bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lítà kan lọ lójúmọ́. Kíndìnrín wá ń kọ́? Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ nǹkan bíi lítà 180 láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́ kan. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n sẹ́ la ń tọ̀ jáde, kí ìdajì wákàtí tó pé ni omi inú ẹ̀jẹ̀ wa ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ padà, ohun tí a ń tọ̀ kò sì ju lítà kan sí méjì lọ.

Iye tí wọ́n ń dá padà gan-an ni ara fi ń ṣe àtúnṣe. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa wo bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ki ju bó ṣe yẹ lọ ní ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n ti mọ̀. Nǹkan méjì ni wọ́n á ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á rán òjíṣẹ́ kan tó ń jẹ́ vasopressin sí kíndìnrín pé kó má jẹ́ kí omi lọ. Wọ́n á sì jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹni náà. Aláàwẹ̀ kò lè dá òùngbẹ lóhùn, nítorí náà kíndìnrín nìkan ló kù tó ń jà. Ìdí nìyí tí ìtọ̀ ìrọ̀lẹ́ fi máa ń kéré, tó sì máa ń pọ́n: ìdọ̀tí ara kò dín, omi tó ń gbé e jáde ló dín. Kíndìnrín tó le lè fi bíi ìdajì lítà kó ìdọ̀tí ọjọ́ kan jáde. Kò lè ṣe é pẹ̀lú omi tó kéré sí ìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù lọ nìyí, àwọn ìwé púpọ̀ kì í sì í sọ ọ́. A máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwọ̀n kan ṣoṣo ni ara ń pa mọ́. Wọ́n pọ̀, wọ́n sì máa ń bá ara wọn jà. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè lẹ́yìn Ìnísà ní aago kan ọ̀sán, iṣan rẹ̀ ń mú ooru jáde, oòrùn ń fi kún un. Ọ̀nà kan gbòógì tí ara fi lè tu ara rẹ̀ lára nínú ooru bẹ́ẹ̀ ni òógùn. Lítà òógùn kan tó bá gbẹ lára ń kó ooru tó tó kílókálórì 580 lọ. Èyí tó bá kán sílẹ̀ kò kó nǹkan kan lọ, ìdí nìyẹn tí ooru ọjọ́ tí òjò ṣú tí kò rọ̀ fi ń ni ènìyàn lára ju ooru gbígbẹ lọ: òógùn ń jáde, kò gbẹ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára nínú oòrùn lè làágùn tó lítà kan láàrin wákàtí kan. Kíndìnrín ń ṣọ́ omi ní ẹ̀kán ẹ̀kán, awọ ara sì ń dà á nù ní lítà lítà.

Èwo ni ara á yàn? Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó yan ìtutù, nítorí ooru ń yára pani ju òùngbẹ lọ. Bí omi bá wá ń dín, ẹ̀jẹ̀ ń dín, bẹ́ẹ̀ ni awọ ara sì ń béèrè ẹ̀jẹ̀ kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Ọkàn á máa sáré kí ó lè fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ọrùn, tó ní àwọn tó ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tì, á dín ìròyìn tí wọ́n ń rán sí ọpọlọ kù, ọpọlọ á sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kò tì dáadáa mọ́. Bí àgbẹ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀ tó sì dìde lójijì, òòyì á kọ́ ọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gòkè sórí ti kéré. Bó bá tún ń bá iṣẹ́ lọ, òógùn fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín, ìgbóná ara á sì máa gòkè. Bí ó bá ti kọjá 40, tí ẹni náà sì ń sọ ìsọkúsọ, ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni: ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn àgbà tó ń gba oko lọ gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá kírun Àsùbáà tán, tí wọ́n sì ń ti oko dé kí oòrùn tó kanrí, ohun tó bá ara mu ni wọ́n ń ṣe. Mi ò mọ ìmọ̀ràn tó dára ju èyí fún ẹni tó ń gbààwẹ̀ tó sì ń fi agbára jẹun.

Ibà yàtọ̀ sí ooru oòrùn, ó sì yẹ ká mọ ìyàtọ̀ náà. Nínú ooru oòrùn, ọpọlọ ń fẹ́ 37, ara ló kọjá agbára rẹ̀. Nínú ibà, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló gbé ohun tó ń fẹ́ sókè, bóyá sí 39, nítorí kòkòrò tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Láti dé ibẹ̀, ara á máa gbọ̀n kí iṣan lè mú ooru wá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ibà kọlù fi ń sọ pé òtútù ń mú òun, tó ń béèrè aṣọ ìbora lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ń rí i pé ara rẹ̀ gbóná. Paracetamol ń dá ọpọlọ padà sí 37. Kò pa kòkòrò ibà. Ẹni tó bá wà nínú èyí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó lọ ṣe, omi sì ni ó yẹ kó máa mu.

Ìwọ̀n mìíràn wà tí mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kan sí. Láàrin 7.35 sí 7.45 lórí òṣùwọ̀n pH ló gbọ́dọ̀ wà, èémí tí a ń mí àti kíndìnrín ló sì jọ ń ṣọ́ ọ. Ara tó dá kì í fi ìyẹn ṣeré, ààwẹ̀ ojúmọ́ kan kò sì lè yẹ̀ ẹ́.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, mo ń sọ ọ́ nípa ara tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ṣàìsàn?

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, insulin tirẹ̀ ti kéré tàbí ara rẹ̀ kò fetí sí i mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ewu kí ṣúgà lọ sókè. Nínú ààwẹ̀, ewu kejì ló ń yára jù: kí ó já wálẹ̀. Oògùn bíi glibenclamide ń fipá mú pancreas tú insulin jáde, kò sì bìkítà bóyá oúnjẹ wà nínú ìfun tàbí kò sí. Ẹni tó lò ó nígbà sààrì tó sì wá ń fi òfo ṣiṣẹ́ lè rí i ní ọ̀sán pé òógùn tútù bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ń ṣú, ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní EPIDIAR, tí wọ́n fi bá àwọn Mùsùlùmí tó lé ní 12,000 tó ní ìtọ̀ ṣúgà sọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè 13, dá lórí ààwẹ̀ ọdún 2001. Lára àwọn tí irú tiwọn jẹ́ ti àgbàlagbà, jíjá ṣúgà tó le débi ilé ìwòsàn fi ìlọ́po 7.5 pọ̀ sí i nínú oṣù ààwẹ̀. Lára àwọn tí irú tiwọn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, ìlọ́po 4.7 ni.

Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, tí a ń pe àìsàn wọn ní fòníkú-fọ̀ladìde, wà nínú ewu tí àwọn ará ilé kì í sábà rí. Kíndìnrín wọn kò lè ki ìtọ̀ bí ti ẹlòmíràn. Omi ń lọ lára wọn yálà wọ́n mu tàbí wọn kò mu, ẹ̀jẹ̀ tó sì ki ló ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọn tẹ̀, kí wọ́n dí òpó, kí ìrora eegun bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé SS tó ń fi ìtìjú gbààwẹ̀ nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà á, ẹ jẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń dákú náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí.

Àlùkùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kó fi ààwẹ̀ sílẹ̀, kó san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní jẹ́ kó lè san án, bíbọ́ tálákà wà fún un. Àánú ni ìyọ̀ǹda náà. Ó dùn mí láti máa rí ìyá àgbà tó ń fi àánú yẹn sílẹ̀ nítorí ohun tí aládùúgbò máa sọ.

Fún ẹni tí ara rẹ̀ gbà á, ohun tó ń jẹ ló máa pinnu bí iṣẹ́ ara á ṣe rọrùn tó. Ẹ̀wà máa ń pẹ́ dà ju ìrẹsì funfun lọ; ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín nígbà sààrì á gbé ènìyàn jìnnà ju búrẹ́dì àti tíì tó kún fún ṣúgà. Nígbà ìṣínu, dàbínù díẹ̀ àti omi tó, kí ènìyàn sinmi kó tó jókòó ti oúnjẹ. Fífi ọtí ẹlẹ́rìndòdò mẹ́ta pàdé ìfun tó ti sinmi láti ìdájí ń ti ṣúgà sókè lójijì, pancreas á sì fi ìpayà dá a lóhùn. Omi tí ara pàdánù kò ṣeé dá padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ohun tí a bá mu lágbàmu á kọjá sínú ìtọ̀. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láti Màgàríbì títí di sààrì.

Bí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ lọ rí dókítà yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí oṣù tó lé, ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ gbààwẹ̀, àti bóyá ó yẹ kí oògùn yín yí padà. Bí ó bá ní kí ẹ gbà á, ẹ máa yẹ ṣúgà yín wò lójú ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn gbà pé fífi abẹ́rẹ́ gún ìka kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Bí ẹ̀rọ bá fi ohun tó kéré sí 70 hàn, tàbí ohun tó ju 300 lọ, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ì báà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.